Kéèkì Tó Wú Tán Tó Tún Jìn Láàárín: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ṣe É

Ẹ má tíì da kéèkì tó jìn láàárín nù. Ẹ kọ́kọ́ fi igi ìtayín gún ibi tó jìn gan-an, kó wọlé dé ìdí páànù. Bí fúláwà tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì jinná nìyẹn. Bí kò bá tíì pẹ́ tí ẹ gbé e jáde, ẹ fi fọ́ìlì bò ó lórí kó má baà jóná, ẹ dá a padà sínú ààrò fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún un gún wò. Kò ní wú mọ́, ṣùgbọ́n yóò ṣeé jẹ. Bó bá ti tutù pátápátá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò gbẹ gbáú kí àárín tó jinná.

Bí igi bá jáde ní mímọ́, ẹ dúró kí kéèkì tutù, ẹ là á sí méjì, kí ẹ wo inú rẹ̀.

Ihò ńláńlá túmọ̀ sí pé baking powder pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ á yára gbé kéèkì sókè kí ẹyin àti fúláwà tó dì dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ náà bá bẹ́, kò sóhun tó máa gbé orí rẹ̀ dúró. Ṣíbí ló sábà máa ń fà á. Ṣíbí tíì tó ga ṣóńṣó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì èyí tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá lórí. Bó bá ń ta lẹ́nu bí ọṣẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ baking soda lẹ fi rọ́pò rẹ̀, agbára ìyẹn sì tó ìlọ́po mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ìlà kan tó ki tó sì rin ló wà lábẹ́ ibi tó jìn, iná kò tó, tàbí ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn ààrò nígbà tí àárín ṣì ń ṣàn. Gíláàsì ló wà lára ilẹ̀kùn yẹn fún wíwò.

Ẹ wá tún un ṣe. Fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà, 225g ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyin 4, baking powder ṣíbí tíì 2 tí a gbá lórí, páànù 2 tó fẹ̀ ní 20cm.

1. Ẹ tan ààrò sí 180°C kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.
2. Ẹ lu bọ́tà tó ti rọ̀ pẹ̀lú ṣúgà fún ìṣẹ́jú 5, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí.
3. Ẹ fi ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin tútù láti inú fíríìjì máa ń jẹ́ kó ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Fúláwà ṣíbí kan á mú un padà bọ̀ sípò.
4. Ẹ jọ fúláwà àti baking powder sí i, ẹ rọra rò ó pọ̀. Gbàrà tí ẹ kò bá rí funfun fúláwà mọ́, ẹ dáwọ́ dúró.
5. Ẹ gbé e sínú ààrò lójú ẹsẹ̀, torí baking powder ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìgbà tó ti kan omi.
6. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn kó tó pé ìṣẹ́jú 20. Ní ìṣẹ́jú 25, ẹ fi igi gún un wò.

Bó bá tún jìn lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ra tẹmómítà ààrò, kí ẹ gbé e sí àárín ibi tí páànù ń jókòó. Nọ́ńbà tó wà lára ibi tí a ń yí lè sọ 180 kí inú rẹ̀ má ju 160 lọ.