Gìgísẹ̀ tó sán, èékánná tó pọ́n: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ ara ẹ̀ nílé

Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ẹsẹ̀ ni mo sì ń bá àwọn èèyàn tọ́jú, pàápàá ìyàwó tó ń múra ìgbéyàwó. Òrí, àdí àgbọn, ọṣẹ dúdú, iyọ̀, kànìnkànìn àti òkúta ìhasẹ̀ kan ni gbogbo irinṣẹ́ mi. Nítorí pé kò sí èyí tó wọ́n nínú wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ gbìyànjú ẹ̀ nílé fúnra wọn. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ó bá yíwọ́ ni fóònù mi máa ń dún. Àwọn tó pè mí nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo dá lóhùn síbí.

Ìbéèrè (ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Odò-Ògbè): Àǹtí, àràárọ̀ ni mò ń ha gìgísẹ̀ mi, mo sì ń fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́ lálẹ́. Dípò kó rọ̀, ńṣe ló ń le sí i, ó tún wá ń sán. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ̀ ń ṣe é jù ni. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ roko: bí igi ọkọ́ ṣe ń ha á tó ni awọ ibẹ̀ ń ki tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gìgísẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi òkúta lé e kiri lójoojúmọ́, awọ á rò pé ogun dé, á mọ odi sí i.

Ohun kejì ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ ò ní òróró tiẹ̀. Ojú, orí, àyà, ẹ̀yìn, gbogbo wọn ló ń sun òróró díẹ̀díẹ̀ fúnra wọn. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ò ní ibi tí irú òróró bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, òógùn ló pọ̀ níbẹ̀. Tí ọyẹ́ bá wá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa ìwọ̀nba omi tó wà nínú awọ náà lọ. Awọ tó gbẹ tó tún nípọn ò lè nà mọ́. Ẹ̀yin náà á sì dúró nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìwúwo ara yín á máa tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di kó pín. Iyọ̀ tẹ́ ẹ tún ń dà sí i ń bá ọyẹ́ ṣiṣẹ́ ni, òun náà ń gbẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi òkúta kàn án. Ẹ pọn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú báàfù, ẹ ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó. Tí ọmọ ìka bá ti ń hunjọ bí ti alágbàfọ̀, ó ti pẹ́ jù. Ẹ má fi iyọ̀ sí i títí ojú sísán náà fi máa pa dé. Ẹ wá fi òkúta gbà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, síbi kan náà, ẹ má ṣe gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ẹni ń lọ ata. Awọ funfun tó gbẹ yẹn lẹ ń wá. Tí awọ bá ti ń pupa tàbí tó ń gbóná, ẹ dúró. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú gbígbé gìgísẹ̀ ha símẹ́ńtì balùwẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo wa là ń ṣe é.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ló kù. Ẹ má nu ẹsẹ̀ náà gbẹ kanrankanran. Níbi tó ṣì tutù díẹ̀, ẹ bu òrí tó tó ẹyọ èkùrọ́ kan sọ́wọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á títí á fi yọ́, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò tì í wọ inú sísán náà níkọ̀ọ̀kan. Òrí ò fún ẹsẹ̀ ní omi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òrí tí wọ́n fi pa ẹsẹ̀ gbígbẹ ò fi ń jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú lé e, kẹ́ ẹ sùn. Alaalẹ́ ni ti òrí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Obìnrin kan jókòó síwájú mi ní oṣù Kìíní, mo rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú gìgísẹ̀ ẹ̀, aláwọ̀ búlúù. Mo rò pé iṣan ni. Òwú aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ni, sísán yẹn ti gé e mọ́nú nígbà tó ń yí lójú oorun. Ìrọ̀lẹ́ mélòó kan pẹ̀lú òrí, ó pa dé. Àmọ́ tó bá jinlẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń ṣoyún, ẹ má jẹ́ kí òkúta kankan débẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ.

(Ìdààmú ẹsẹ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí. Àwọn àgbà Ifẹ̀ máa ń sọ ìtàn Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba, pé torí kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí i lára ló ṣe ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ àwọn ojú ọ̀nà. Àpáàdì yẹn ṣì wà nílẹ̀ láwọn ibì kan. Ẹ̀yin tẹ́ ò ní ẹni tó máa bá yín tẹ́ àpáàdì, ẹ ra òrí.)

Ìbéèrè: Òrí tí mo yọ́ lórí iná ti dì, àmọ́ ó ń ṣe hóróhóró bí iyanrìn lọ́wọ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ ayédèrú. Ọ̀rá tó wà nínú òrí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, wọn kì í sì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, èyí tó kọ́kọ́ dì á kóra jọ ṣe kókó. Kò ba nǹkan jẹ́. Yọ́ ọ padà: gbé abọ́ ẹ̀ lé orí omi gbígbóná, má gbé e lé iná gan-an. Tó bá ti yọ́ tán, gbé abọ́ náà sínú omi tútù kó o sì máa rò ó títí á fi dì. Àmọ́ tí òórùn ẹ̀ bá ti kan, ó ti pẹ́ nìyẹn, jù ú nù.

Ìbéèrè (akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní Modákẹ́kẹ́): Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Wọ́n ní ọsàn wẹ́wẹ́ ń mú ẹsẹ̀ mọ́. Mo fi pa èékánná àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi láàárọ̀, mo wọ sílípáàsì, mo rìn lọ sí kíláàsì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi lé bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, ó wá dúdú báyìí ní ìlà-ìlà. Màmá mi ní mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Bá mi kí Màmá, kó o sọ fún wọn pé oòrùn lo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun kan wà nínú oje ọsàn wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé tí oòrùn bá bá a lára awọ, ńṣe ló máa jó awọ náà. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀, ó máa ń di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìyẹn ni kò fi jẹ́ káwọn èèyàn mọ ohun tó fà á. Wo ìlà tó dúdú yẹn dáadáa: ọ̀nà tí oje náà gbà ṣàn sílẹ̀ ló tò lé.

Má bẹ́ èyí tó bá léròrò tó gbomi sínú. Aṣọ tútù ni kó o máa fi lé e, má jẹ́ kí oòrùn rí i, kó o fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó tó o bá ń jáde. Tó bá tóbi tàbí tó ń dùn ẹ́ gan-an, lọ fi han dókítà. Dúdú náà á lọ, àmọ́ ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kódà oṣù. Ìpara abóra ni mi ò fẹ́ kó o fi lé e lọ. Èmi ò tiẹ̀ lo ọsàn wẹ́wẹ́ fún ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ń fọ abẹ́ èékánná mọ́ tónítóní.

Ìbéèrè: Ọṣẹ dúdú tí mo rà ń ta mí lẹ́sẹ̀ gidi gan-an.

Ìdáhùn: Omi eérú ni wọ́n fi ń se é, níbí sì rèé, eérú èèpo kòkó ló wọ́pọ̀. Eérú ń ta. Èyí tí àdín inú ẹ̀ ò tó, tàbí tí wọn ò se dénú, á ta ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi lọ́wọ́ kó hó, kó tó kan ẹsẹ̀, má fi í sílẹ̀ pẹ́, má sì lò ó lórí awọ tó ti sán. Tó bá ṣì ń ta, fi fọ ìkòkò.

Ìbéèrè (ọ̀gá ọlọ́kadà kan): Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń yún mi, ó funfun, ó ń bó, ó ń rùn. Ìyàwó mi ní omi ló jẹ mí lẹ́sẹ̀. Àdí àgbọn ni mo ń fi sí i.

Ìdáhùn: Ọ̀gá, ìyàwó yín sún mọ́ ọn. Àrùn awọ kan ni, irú ẹbí èyí tó ń fa lápálapá, ibi tó rin tó sì gbóná ló fẹ́ràn. Bàtà tẹ́ ẹ fi ń wakọ̀ látàárọ̀ ni ilé tẹ́ ẹ kọ́ fún un. Gbogbo ohun tí mo sọ fún ìyá aláṣọ lókè yẹn, òdìkejì ẹ̀ ni tiyín: ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má fi òróró kankan sí àárín ìka. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fi aṣọ gbígbẹ gba àárín ìka kọ̀ọ̀kan kọjá, kẹ́ ẹ wá sá aṣọ náà sí oòrùn. Bàtà méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀, kí ọ̀kan máa wà nínú oòrùn nígbà tí èkejì wà lẹ́sẹ̀.

Ewé asúnwọ̀n òyìnbó, èyí tí òdòdó ẹ̀ yẹ́lò dúró bí àbẹ́là, ni àwọn ìyá wa ń gún fún lápálapá, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé ó ń bá irú àrùn bẹ́ẹ̀ jà. Tí kò bá dá, ẹ ra oògùn tó wà fún un ní kẹ́mísì, kẹ́ ẹ má sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí yíyún bá dúró. Ìpara alápapọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé ó ń wo gbogbo nǹkan, ẹ yẹra fún un: ó máa ń dá yíyún dúró, kí àrùn náà wá tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Kútẹ́sì pupa ni mo máa ń kùn. Mo yọ ọ́, èékánná mi ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣé kí n fi làálì dúdú bò ó?

Ìdáhùn: Rárá o. Òdà ló wọ̀ ọ́ lára, kò sí oògùn tó máa fọ̀ ọ́ kúrò, ńṣe ló máa hù jáde. Èékánná ẹsẹ̀ kì í yára: nǹkan bíi mìlímítà kan ààbọ̀ lóṣù, ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè gba oṣù 12 sí 18 kó tó pààrọ̀ tán. Fi í sílẹ̀ láìkùn, máa fi àdí àgbọn pa á. Àmọ́ tó bá ń nípọn tó ń rún wómúwómú létí, ọ̀rọ̀ ti kọjá kútẹ́sì, ó fẹ́ àyẹ̀wò.

Ní ti làálì, ewé tí wọ́n lọ̀ ni, pupa bíi bíríkì ló sì máa ń mú. Lọ sí Sábó, kó o bi àwọn ìyá tó ń lé e léèrè wákàtí tó ń gbà. Èyí tó dúdú kirikiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti po dáì irun mọ́ ọn. Mo ti rí ẹsẹ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín tó bó ní ìrísí òdòdó tí wọ́n yà sí i.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin Hausa tó ń mi àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò gé èékánná mi wọnú gan-an. Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò mi wú.

Ìdáhùn: Igun ẹ̀ ló gé yípo, ni èékánná tó kù bá ń hù wọnú ẹran. Gígé tó tọ́ ni gbọọrọ, kí igun méjèèjì wà níta. Fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ (iyọ̀ wúlò níbí), má sì wọ bàtà tó fún. Tó bá ṣoyún, má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ mìíràn, fún un ní àlùmọ́gàjí tìẹ kó fi gé e, torí èyí tó ń mì yẹn ti gé ti ilé mẹ́wàá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìbéèrè: Bàbá wa ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé a lè ṣe ẹsẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ má gbé òkúta tàbí abẹ débẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn lè ti kú tipiri láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, omi á bó wọn, wọn ò ní pariwo. Ẹ fọ̀ ọ́ kíákíá, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òrí pa á, àmọ́ kó má débi àárín ìka, kẹ́ ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́. Egbò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, dókítà ni.

Ìbéèrè: Níbo ni kí n da omi ẹsẹ̀ sí? Mi ò fẹ́ fi ṣòfò.

Ìdáhùn: Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Kànìnkànìn tó bá ti gbó, ju sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á jẹrà. Kànìnkànìn ọ̀rá ni kì í jẹrà, inú gọ́tà ló ń lọ. Omi ọlọ́ṣẹ lásán ò ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní nǹkan tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Omi iyọ̀ ni kó o ṣọ́. Ìdí ewúro ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ń dà á sí nígbà kan, mo rò pé mò ń ṣọ́ omi lò. Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, mo ní oòrùn ni, mo tún ń bomi iyọ̀ rin ín. Ó kú. Iwájú ilé ni mò ń dà á sí báyìí, láàárín símẹ́ńtì tó la níbi tí koríko ti ń yọ, mi ò sì tíì fi ọkọ́ débẹ̀ láti ìgbà náà.