Bí mo ṣe fi èèpo ọsàn dá àrùn ewé tòmátì dúró

Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ mú: àmì pupa rúsúrúsú, òrùka nínú òrùka, ewé á pọ́n, á já bọ́. Early blight ni, fúńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, òjò Àkúrẹ́ sì ń gbè é lẹ́yìn.

Mo ku eérú sí i, òjò fọ̀ ọ́ lọ. Mo já ewé tó bàjẹ́, òmíràn tún mú. Oògùn ọjà wà, àmọ́ tòmátì tí à ń ká sọ́bẹ̀ lójoojúmọ́? Ọkàn mi ò gbà á.

Mo bá lọ tọrọ èèpo lọ́wọ́ ìyá ọlọ́sàn kan ní Ọjà Ọba, àwọn èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń ká kọ́lọkọ̀lọ lẹ́sẹ̀ wọn yẹn. Ẹ̀rín ló fi kó o fún mi. Mo sá a títí tó fi ń fọ́ lọ́wọ́, mo gún un. Ife 1 sí ife omi 10, ó sùn mọ́jú. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ ìfọ́nmi á dí. Ẹ po ọṣẹ dúdú bíńtín mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, kó dé abẹ́ ewé. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tún un fọ́n.

Ewé tuntun ń jáde láìlábàwọ́n. Èyí tó ti gbẹ dé ọrùn ò jí o. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára igi kan, torí bó bá ki jù, ó lè jó ewé.