Bí a ṣe ń lo "kick the bucket" láì fi dá wàhálà sílẹ̀ nílé ọ̀fọ̀

Àwọn àgbàlagbà ni mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nínú gbogbo àkànlò èdè tí a ti jọ yẹ̀ wò, kò sí èyí tó ń kó wọn sí wàhálà tó "kick the bucket". Kì í ṣe pé ó le. Ó rọrùn jù ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́, ọwọ́ á sì máa yún un láti lò ó. Ibi àkọ́kọ́ tó bá rí lò ó ló sábà máa ń jẹ́ ibi tí kò yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, èyí kò gba àkókò. "Kick" ni kéèyàn ta nǹkan nípàá, "bucket" ni garawa. Bí wọ́n bá ti so pọ̀ báyìí, kò sí garawa níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹsẹ̀. Ẹnìkan ti kú ni wọ́n ń wí.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò náà ti tó, kí ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀. Bírò pupa ni kí ẹ fi kọ ọ́. Búlúù ni mo máa ń lò fún ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ níwájú ẹnikẹ́ni, pupa sì ni ti èyí tí mo gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni kí n tó la ẹnu. Àwọn kan sọ pé orí fóònù làwọn ń kọ tiwọn sí. N kò tíì rí ẹnìkan nínú wọn tó padà lọ kà á.

Ó yá, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣubú.

Ọ̀rọ̀ yìí ń tan Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé àwa náà ní "ta téru nípàá". A ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé gbajúgbajà òṣèré ta téru nípàá, pé olóṣèlú kan ta téru nípàá, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò ó pé tiwọn tapá, tiwa náà tapá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan náà kọ́ o! Tiwa ṣeé gbé síwájú èrò. Tiwọn jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ìdí ayò.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí láyé àtijọ́ pàápàá. Francis Grose, tó ṣa ọ̀rọ̀ ìgboro jọ sínú ìwé atúmọ̀ kan tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1785, fi í síbẹ̀ láàárín èdè àwọn olè àti àwọn ọ̀mùtí. Ní ti orírun rẹ̀, àwọn kan ní ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló ti wá: láwọn apá ibì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "bucket" ni wọ́n ń pe igi tí wọ́n ń so ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀ sí bí wọ́n bá fẹ́ pa á, ẹran náà á sì máa ta igi ọ̀hún nípàá títí ẹ̀mí á fi bọ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tó pokùnso ló dúró lórí garawa, tó wá fi ẹsẹ̀ ta á dànù. Èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́ fi ìyá oníyàá wé?

Ọkùnrin akọ̀wé kan wà lára àwọn tí mo ń kọ́. Òyìnbó obìnrin ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìyá obìnrin náà sì kú sí ìlú wọn. Kí n tó mọ̀, ọmọkùnrin yìí ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: "Madam, I was very sad to hear that your dear mother has kicked the bucket." Ó gbé fóònù rẹ̀ wá kí n lè yìn ín. Ìdáhùn obìnrin náà wà nísàlẹ̀: "Thank you." Ọ̀rọ̀ méjì péré, àti àmì ìdánudúró. Mo yẹ ìwé wọn ti tẹ́lẹ̀ wò lókè, kò sí èyí tí obìnrin náà kì í fi àwòrán ẹ̀rín tàbí òdòdó parí. Mo ní, "Ṣé o mọ ohun tí o kọ?" Ó ní, "Ọ̀gá, àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa?" Èmi náà ni. Ìtumọ̀ ni mo kọ́ wọn lọ́jọ́ náà, n kò kọ́ wọn níbi tí wọn ò ti gbọdọ̀ lò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni bírò pupa ti wọ ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tó yẹ kó yé yín kò ṣàjèjì. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dé ààfin táá ní "ọba ti kú". Ọba wàjà ni. Àgbà papòdà, tàbí kí a ní baba ti sùn. Bó bá jẹ́ olè tó ń yọ àdúgbò lẹ́nu, ẹ lè ní ó ti gbẹ́mìí mì, kò sẹ́ni tó máa bá yín wíjọ́. Etí tí ẹ fi ń gbọ́ ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹ gbé dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ "gbẹ́mìí mì" ni "kick the bucket" jókòó sí.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn, "passed away" ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi "I am sorry for your loss" tẹ̀ lé e. Ó tán síbẹ̀, ẹ má ṣe ṣe ọ̀ṣọ́ kankan sí i. Ẹ sì ṣọ́ra fún "my father is late" tí gbogbo wa ń sọ nílé níbí. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n lè bi yín pé aago mélòó ni bàbá yín máa wá dé. "My late father" kò ní wàhálà.

Ní ti gírámà, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Bí ẹ bá ní "kick a bucket", garawa gidi ti padà dé nìyẹn. "The bucket was kicked" náà kò ní òkú kankan nínú mọ́. Bí èèyàn mẹ́wàá bá kú, "the bucket" kan náà ni, kì í di "buckets". Ẹ wo tiwa: a máa ń sọ pé olè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ní ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́ ẹ, ẹ ti bà á jẹ́. Àsìkò nìkan lẹ lè yí, "kicked" fún èyí tó ti kọjá.

Fún oṣù kan àkọ́kọ́, nǹkan tó ń lo iná tàbí epo nìkan ni kí ẹ máa lò ó fún. "My generator has kicked the bucket." Fíríìjì, fóònù, mọ́tò tó kọṣẹ́ lójú ọ̀nà: kò sí èyí tó ní mọ̀lẹ́bí tó máa bínú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè lò ó fún ara yín, "before I kick the bucket", torí èèyàn láṣẹ láti fi ikú ara rẹ̀ ṣàwàdà. Ibẹ̀ ni "bucket list" ti wá, orúkọ tí wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ ohun téèyàn fẹ́ ṣe kó tó kú. Fíìmù Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2007 ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé.

Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tún ṣe yín bákan náà, ẹ má ṣe gbé e fún ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè. Ẹ lọ sórí ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ti Oxford, Cambridge tàbí Longman, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ti rí "informal" (ọ̀rọ̀ àárín ọ̀rẹ́) tàbí "humorous" (ọ̀rọ̀ àwàdà) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ fa bírò pupa yọ. Bí kò bá sí dátà, ẹ bi ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé mo lè sọ èyí fún opó?"

Bí ọmọ bá sì wá ta garawa omi dànù ní tòótọ́, tí ẹ fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, "he knocked the bucket over" ni kí ẹ wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìyá ọlọ́mọ.