Ẹrù Olùkọ́ Tó Ń Ti Ilé-Ifẹ̀ Lọ Kọ́ni ní Ìlú Ọba

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo di ẹrù mi nílé wa ní Ifẹ̀, ìyá mi ní láti jókòó lé àpótí kí síìpù rẹ̀ tó lè pa dé. Èlùbọ́ wà nínú rẹ̀, irú wà níbẹ̀, ata gígún, ẹ̀wù òtútù méjì tí mo ṣà ní bòsíkọ̀rọ̀, àti ìwé kẹ́mísírì mẹ́rin tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mi wà nínú dúrọ́ọ̀ ní yàrá, n ò sì rántí rẹ̀. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí sáàtífíkéètì tí mo gbà ní yunifásítì, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí páásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà mí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé mi wò, ìwé kan ṣoṣo tó lè so orúkọ méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ní kí n mú wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àbúrò mi fi wá ẹni tó ń bọ̀ tí yóò bá mi gbé e. Èlùbọ́ tí mo rù láti ilé, mo bá irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibi tí mo wọ̀ sí.

Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà pé kí ni kí òun dì, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: bí ẹ bá gbàgbé nǹkan yìí, níbo lẹ ti máa rí i? Ohun tí ọjà ń tà lọ́hùn-ún kò gbọdọ̀ gba àyè ohun tí a kò lè rí níbòmíràn àfi nílé.

Ìwé ló ṣáájú. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní England fún olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà láti béèrè fún QTS, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n gbà á ní olùkọ́ tó kún ojú òṣùwọ̀n níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, wọn kì í sì gba owó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó QTS fún òun, ẹ má dá a lóhùn. Fún àwa tí a ti Nàìjíríà wá, olùkọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n ń wá, nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè òkèèrè. NCE nìkan kò tó. Wọ́n ń béèrè dígírì. Ẹni tó gba NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Iléṣà kí ibẹ̀ tó di yunifásítì, tó sì tún lọ gba dígírì, kí ó kó ìwé méjèèjì dání pẹ̀lú èsì ìdánwò tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Káàdì TRCN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó wà nínú pọ́ọ̀sì yín dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n máa bèèrè. Lẹ́tà ni wọ́n ń fẹ́, tí TRCN fúnra rẹ̀ kọ, tó ń jẹ́rìí pé orúkọ yín wà nínú àkọsílẹ̀ wọn àti pé wọn kò fi òfin dè yín pé kí ẹ má kọ́ni. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bákan náà ni tiransikíríìpù: ẹni tó bá jáde ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lè ti Ẹnuwá dé ọgbà yunifásítì láàárín wákàtí kan, kó sì mójú tó o fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Birmingham, ẹlòmíràn ni yóò máa bẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, ó sì ń fa ìdádúró. Nígbà tí a bá ń lọ, a máa ń lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa kó kọ lẹ́tà dáadáa kan fún wa, "sí ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn", pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé. A ó pa á mọ́ bí ẹyin. Ṣùgbọ́n ìlànà ààbò ọmọdé tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ England ń tẹ̀lé sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbára lé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni yóò kọ̀wé sí ọ̀gá yín, wọ́n á bi í bóyá ẹ yẹ lẹ́ni tó ń wà pẹ̀lú ọmọdé, wọ́n á sì fẹ́ mọ̀ dájú pé òun gan-an ló dáhùn. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa dì ni nọ́ńbà fóònù ọ̀gá yín àti ímeèlì tó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ní ju ímeèlì ara ẹni ọ̀gá lọ, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó gbà yín ṣáájú. Kí ẹ sì lọ kí ọ̀gá náà kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sọ fún un pé ìwé ń bọ̀, kó má baà rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ ni.

Àkọsílẹ̀ ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀, oṣù dé oṣù. Bí ẹ bá jókòó sílé fún ọdún kan nítorí ọmọ, tàbí tí ẹ fi ọdún kan tajà ní Atákúnmọ́sà nígbà tí owó oṣù kò wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa béèrè, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Fún físà, ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá pé ẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn àti ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ dandan. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé ikọ́ ẹ̀gbẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe é nígbà tí ọjọ́ ṣì jìnnà. Ojúlówó gbogbo ìwé wọ̀nyí, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n ń jù sí ikùn bàálù. Ẹ ya àwòrán wọn sínú Google Drive pẹ̀lú, kí ẹnì kan nílé sì ní ẹ̀dà.

Oúnjẹ wá kàn. Wọn kò gba ẹran wọlé láti Nàìjíríà rárá: ṣúyà, kílíṣí, ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, kódà bí ìyá yín bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan án. Wọn kò gba wàrà àti mílíìkì, àfi mílíìkì oníyẹ̀fun ti ọmọ ọwọ́ tí kò ju kílò méjì lọ. Iṣu tútù àti ẹ̀fọ́ tútù ń béèrè ìwé àṣẹ tí kò yẹ fún ẹni tó kàn fẹ́ jẹun. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n fọwọ́ sí, títí dé 20 kílò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo nǹkan tó kù lọ, torí ẹja tí wọ́n fi iná igi yan nílé ní òórùn kan tí n kò tíì bá lọ́hùn-ún. Ẹ dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta, kí irú náà wà nínú agolo tó pa dé dáadáa. Gaàrí àti èlùbọ́, kílò méjì méjì tó, títí ẹ ó fi mọ ọ̀nà ọjà. Bó bá jẹ́ Peckham ní London, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, lẹ ń lọ, ẹ má tilẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ìlú kékeré létí òkun, ẹ mú díẹ̀ sí i.

Oògùn fẹ́ ìṣọ́ra. Tramadol àti codeine wà lára àwọn oògùn tí òfin ń ṣọ́ níbẹ̀. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, kó mú lẹ́tà dókítà dání, kó sì fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí tirẹ̀. Èyí tí a rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ má ra kóòtù ńlá ní Ifẹ̀. Mo rà á, kò gba òjò dúró. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù àwọn ẹlẹ́yinjú àánú níbẹ̀ dára jù ú lọ, kò sì wọ́n. Ẹyọ kan tí ẹ ó wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ti tó. Ẹ mú bàtà dúdú tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, torí olùkọ́ ń dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àti aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta tó mọ́ níwọ̀n. Ẹ mú àdìrẹ tàbí aṣọ òkè kan náà. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Ìlú Ọba, inú àwọn ọmọ máa ń dùn láti rí olùkọ́ wọn nínú aṣọ ilé rẹ̀.

Ìwé kíkà tí a fi ń kọ́ WAEC, ẹ fi sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀, ó sì bá GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ ọdún 16 ń ṣe níbẹ̀, mu. Nóòtì yín nìkan ni kí ẹ ya àwòrán rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, ẹ ó lò ó. Pàṣán kò sí lára ẹrù, àti ìkúnlẹ̀, àti ìfétífà. Láti ọdún 1987 ni òfin ti fòpin sí nínà ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀, olùkọ́ tó bá gbàgbé lè pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìfẹ́, torí ọwọ́ tó ti mọ́ra fún ọdún mẹ́wàá kì í tètè gbàgbé.

Ihò iná tiwọn àti tiwa dọ́gba, onírin mẹ́ta pẹlẹbẹ, agbára iná náà sì jọra. Ṣájà yín yóò ṣiṣẹ́ bó ṣe wà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ère orí idẹ tàbí ère igi lọ fún ọ̀gá tuntun, kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCMM, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kó tó dé pápákọ̀ òfuurufú, kódà bí ère náà bá jẹ́ tuntun. Àwa ará Ifẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Nínú àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ọ̀kan ṣì wà ní British Museum títí dòní.

Owó: ìparí oṣù ni wọ́n ń san owó iṣẹ́. Onílé lè gba owó ìdúró tó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ̀lú owó oṣù àkọ́kọ́ kí ó tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣírò oúnjẹ àti ọkọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì mú un dání. Ẹ mú láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín náà, ẹ lè fi wakọ̀ fún oṣù 12 àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, ẹ gbé àpótí kọ́ orí ìwọ̀n. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ bàálù ń gbà fún ọ̀kan, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èlùbọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà àṣẹ kan, ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán ní Ifẹ̀ lè fi gba ìwé fún yín lọ́wọ́ yunifásítì bí nǹkan bá tún kù. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ lé e lọ́wọ́.