Kí Ló Dé Tí Coltrane Ń Wọ́ Ẹsẹ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwo Jáàsì Àtijọ́

Àwa tá à ń kó àwo jáàsì jọ ní Ìlọrin kò pọ̀. Bó o bá lọ béèrè ẹ̀ ní Ọjà Ọba, wọ́n á bi ọ́ bóyá Ọdọláyé Àrẹ̀mú lò ń wá. Ìwọ̀nba àwa tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe, a mọra wa, ara wa náà la sì ń sá tọ̀ tí wàhálà bá dé. Díẹ̀ rèé nínú ohun tí wọ́n bi mí láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ẹ̀rọ àwo kan ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Mo ra trànsfọ́mà tó ń sọ iná 240 di 110, mo so ó mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ gbogbo àwo tí mo bá gbé lé e ló ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Fèrè John Coltrane, gbajúmọ̀ olórin jáàsì Amẹ́ríkà, wá dà bí ohùn bàbá àgbàlagbà tí oorun ń kùn. Ṣé àwo ló bàjẹ́ ni, àbí abẹ́rẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Èmi náà ti ra abẹ́rẹ́ méjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Iná ni. Trànsfọ́mà tó o rà, agbára iná nìkan ló ń dín kù. Kò rí nǹkan kan ṣe sí iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 50. Mọ́tò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo àtijọ́ sì rèé, lílọ bíbọ̀ iná yẹn ló ń tẹ̀ lé, bí oníjó ṣe ń tẹ̀ lé ìlù. Ìlù tí wọ́n kọ́ ọ láti bá jó ní Amẹ́ríkà yá ju tiwa lọ. Nítorí náà, àwo tó yẹ kó yí ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò ní í pé 28. Orin ìṣẹ́jú 10 á di 12, ohùn gbogbo á sì wálẹ̀.

Kó o má bàa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, gé bébà pélébé kan, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àwo, kó o wo aago. Ka iye ìgbà tí bébà náà yí po fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tó bá pé 100, ẹ̀rọ rẹ kò ní ẹ̀bi. Tó bá jẹ́ 83, ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ó ní àtúnṣe. Ṣí ẹ̀rọ náà kó o wo mọ́tò ẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò DC ni, èyí tí kì í tẹ̀ lé lílọ bíbọ̀ iná, ọ̀rọ̀ rẹ rọrùn, wọ́n sábà máa ń fi ihò kékeré kan síbẹ̀ tó o fi sikurúdíráfà yí láti mú un yára. Tó bá jẹ́ AC, èyí tó ń tẹ̀ lé e, wo púlì kékeré tí bẹ́líìtì gbà kọjá lórí mọ́tò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ṣe púlì méjì, ti 50 lọ́tọ̀, ti 60 lọ́tọ̀. Tó ò bá rí i rà, gbé èyí tó wà níbẹ̀ lọ fún tọ́nà tó ń gbẹ́ irin, kó gbẹ́ òmíràn tó fi ìdá kan nínú márùn-ún fẹ̀ jù ú lọ: tó bá jẹ́ mílímítà 10, kó di 12. Kìlọ̀ fún un pé ihò ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín géérégé, torí bó bá yẹ̀ bíńtín, orin á máa gbọ̀n. Tọ́nà tí mo gbé tèmi lọ bá rẹ́rìn-ín títí. Irin ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń gbé wá bá a látàárọ̀, ó wá ń wo nǹkan tí kò tó orí ìka. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbẹ́ ẹ kó tó ṣe déédéé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é, ó pé 100! Àmọ́ tó bá di alẹ́ tá a tan jẹnẹrétọ̀, fèrè á rì, á tún léfòó. Stabilizer sì wà níbẹ̀ o.

Ìdáhùn: Fíríìjì yín nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ máa yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná ẹ̀ tó jẹ́ 50. Bí fíríìjì bá gbéra, ẹrù wúwo sí i lọ́rùn, ó rẹ̀ ẹ́, Coltrane náà á bá a rẹ̀. Stabilizer ò lè yá a lẹ́sẹ̀. Yọ fíríìjì fún wákàtí kan tó o fẹ́ fi gbọ́ orin, tí ìyàwó bá gbà. Tèmi ò gbà, inverter ni mo ń lò.

Ìbéèrè (láti Ọ̀ffà): Ọmọ mi, àwo olóògbé ọkọ mi wà nínú àpótí láti ọjọ́ yìí, òjò ti jẹ́ kí wọ́n bu. Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi fi sípíríìtì nù wọ́n. Èyí tó kọ́kọ́ nù, dúdú ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ òwú, kò sì dún dáadáa mọ́.

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dáwọ́ dúró. Ṣé àwọn tó wúwo, tó ń fọ́ bí tánganran tó bá já bọ́ ni? Àwo 78 nìyẹn, àwo àtijọ́ tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Oje kòkòrò kan tó wọ́pọ̀ ní Íńdíà ni wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn ṣe é, ṣẹ́lákì ni wọ́n ń pè é. Oje yìí kan náà ni káfíńtà ń fi sípíríìtì yọ́ kó tó fi kun àga kó dán. Ohun tó ń yọ́ oje náà gan-an lọmọ ń fi nù ún, mà.

Ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́, ẹ̀kán kan péré nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Aṣọ tó rọ̀ ni kó lò, kó máa bá ilà àwo lọ yípo, kò gbọ́dọ̀ nù ún gba orí ilà kọjá. Kí omi má kan bébà àárín. Ẹ fi omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì ṣàn án kẹ́yìn, torí omi kànga máa ń fi funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé omi ni wọ́n tà fún yín, kì í ṣe ásíìdì. Kó gbẹ lábẹ́ òjìji. Èyí tí wọ́n ti fi sípíríìtì nù, mà, ẹ bá mi fi pa mọ́ nítorí orúkọ tó wà lára ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àwo òde òní gbọ́ wọn. Ilà 78 fẹ̀, abẹ́rẹ́ tiẹ̀ fi bí ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin nípọn jù ú lọ. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yẹn á kàn máa wọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò, ariwo ìdọ̀tí ni ẹ ó máa gbọ́.

Ìbéèrè (láti Òmù-Àrán): Èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo fẹ́ máa fi kíbọ́ọ̀dù bá *Kind of Blue*, àwo jáàsì Miles Davis, lọ, ṣùgbọ́n ojú kìíní àwo náà ń bọ́ sí àárín bọ́tìnnì méjì. Ojú kejì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé etí mi ni?

Ìdáhùn: Etí rẹ ò purọ́, ó wù mí kí n ní irú ẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1959 ni wọ́n gba orin mẹ́ta tó wà lójú kìíní sílẹ̀ ní New York, ẹ̀rọ tó ń gbà á lọ́jọ́ náà sì ń falẹ̀ díẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ìfàlẹ̀ gbà, tí wọ́n bá fi ìyára tó yẹ gbé e jáde, ohùn ẹ̀ á gòkè. Nígbà tí wọ́n padà wá ní oṣù kẹrin fún ojú kejì, ẹ̀rọ ti gún. Ó tó ọdún 33 tí àwo náà fi ń jáde bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó lo téèpù kejì tí ìyára tiẹ̀ péye ní 1992. Tí àwo rẹ bá dàgbà ju ìyẹn lọ, wá ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn kíbọ́ọ̀dù, kó o gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá a mu.

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ ta àwo Blue Note kan (ilé iṣẹ́ àwo jáàsì Amẹ́ríkà) fún mi ní owó gegere pé ojúlówó àtijọ́ ni. Kí ni kí n wò?

Ìdáhùn: Kó o tó wo páálí, gbé àwo sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, wo ibi dídán tí orin ti parí. RVG ni àmì Rudy Van Gelder tó ń gba orin wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó, àwọn àtẹ̀jáde ẹ̀yìn náà ní in. Wá àmì kékeré kan tó dà bí etí èèyàn. Láti nǹkan bí ọdún 1966 lọ, kò sí mọ́. Tó ò bá rí etí, má sanwó etí.

Ìbéèrè: Bàbá mi gbọ́ àwo King Oliver, olórin jáàsì ayé ọjọ́un, ti 1923 tí mo gbé sí i, wọ́n ní orin tí kò sí ìlù kì í ṣe orin. Lóòótọ́, èmi náà ò gbọ́ ìlù níbẹ̀. Ṣé sípíkà mi ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe sípíkà. Lọ́dún náà, kò tíì sí gbohùngbohùn, ìyẹn máíkì, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ẹnu ìwo ńlá kan tó rí bí àrọ ni gbogbo wọn kọjú sí, ohùn wọn náà ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń la ilà sára ìda. Ìlù ńlá lè mú abẹ́rẹ́ fò. Ni Baby Dodds tó ń lùlù fún wọn bá gbé igi oníhò kékeré. Sọ fún Bàbá kí wọ́n tún un gbọ́, kí wọ́n pa fèrè tì, kí wọ́n wá ohun tó ń dún kó-kó-kó lẹ́yìn.