Bí a ṣe ń jẹun ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì: fún ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ òkè òkun

Ọmọ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ló sì rà, kì í ṣe ti ẹ̀yìn níbi tí orúnkún ti ń kan àga ẹni tó wà níwájú. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá láti Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán tó ń lọ wo ọmọ ló ń dé ibẹ̀ tán tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá jẹun, wọn á ní, “A dúpẹ́, a ti yó.” Nílé wa, ẹni tó ní oúnjẹ á tún rọ̀ yín, ẹ ó sì jẹ. Nínú bàálù, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ pé ẹ ti yó, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Owó oúnjẹ yẹn ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè.

Ilé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Tí oúnjẹ yín bá ní èèwọ̀, ẹ fi tó iléeṣẹ́ bàálù létí, ó kéré tán, wákàtí 24 ṣáájú kí bàálù tó gbéra. Orí ìkànnì wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lè bá yín ṣe é láti ibi tó wà. Lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá oúnjẹ wọ̀nyí mọ̀. MOML ni ti Mùsùlùmí: kò ní ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í fi ọtí sè é. DBML ni ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. LSML ni èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Tó bá jẹ́ Emirates tàbí Qatar Airways lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí MOML, halal ni oúnjẹ wọn látilẹ̀. (Wọ́n ń bu ọtí o, àmọ́ ẹni tó bá ní òun fẹ́ ni wọ́n ń bù ú fún.) Tó bá jẹ́ bàálù Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ọbẹ̀ tó jọ ọbẹ̀ lásán lè ní wáìnì nínú, gelatin tí wọ́n fi mú oúnjẹ dídùn míì dì sì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún irú oúnjẹ yìí sábà máa ń pàdánù àǹfààní àtiṣa èyí tó wù ú nínú mẹ́nù. Tí kì í bá ṣe ẹ̀sìn tàbí àìlera ló fà á, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kí ọmọ bá a kọ ohun tó ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ sí ìwé pélébé kan, kó fi sínú àpò pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù. Kó sáà nà án sí wọn. Ó tó.

Lójú ọ̀nà Èkó

Ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, àmàlà àti gbẹ̀gìrì á máa pè é. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Atẹ́gùn inú bàálù tó ti lọ sókè dà bí ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000, gáàsì tó wà nínú ikùn yóò sì fẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń dá kún un. Ẹ jẹ nǹkan fúyẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì yín sì sábà máa ń gbà yín láyè wọ láúǹjì, ìyẹn yàrá ìsinmi, ní pápákọ̀ òfuurufú, oúnjẹ sì wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òru ni bàálù fẹ́ gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, èmi á ní kí ẹ jẹun alẹ́ yín ní láúǹjì. Ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, kí ẹ wọlé, kí ẹ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ jí yín àfi tó bá di oúnjẹ àárọ̀. Oorun lórí àga tó ń di ibùsùn níye lórí ju ẹran lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti jókòó

Wọ́n á kọ́kọ́ gbé nǹkan mímu wá kí bàálù tó gbéra. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó mú un: èyí tó ń hó wẹ́wẹ́ nínú ife tẹ́ẹ́rẹ́, ṣàǹpéènì ni, ọtí ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi nǹkan funfun kan tó ń rú èéfín sórí àwo kékeré, á jọ ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé. Táwẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ fi nu ọwọ́ àti ojú, kí ẹ dá a padà.

Tábìlì wà nínú apá àga. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fà á jáde fún yín. Á tẹ́ aṣọ funfun lé e, á to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì sí ọ̀tún àti òsì. Èyí tó wà níta pátápátá lẹ máa kọ́kọ́ lò fún oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ wá sínú bí oúnjẹ ṣe ń yí padà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bu búrẹ́dì jẹ, kò sí wàhálà.

Tí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ jẹ gan-an, ẹ yan èyí tó ní ọbẹ̀. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti sè gbogbo rẹ̀, tí wọ́n mú un tutù, wọ́n kàn ń gbé e gbóná lókè ni. Ẹran tí wọ́n sè rọ̀ sínú ọbẹ̀ kì í ṣòro láti gbé gbóná. Ẹran sísun máa ń le. Bákan náà, afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, imú á gbẹ, iyọ̀ àti ṣúgà ò sì ní dùn lẹ́nu bí ti ilẹ̀. Kì í ṣe pé alásè kò mọ iṣẹ́. Ẹ di ata gígún tàbí yájì díẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ fi sínú báàgì ọwọ́. Tó bá jẹ́ ata tó ṣàn, kó má ju mílílítà 100 lọ.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin fún àtọ̀gbẹ, kó má gún un títí oúnjẹ á fi dé iwájú rẹ̀. Bàálù lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí wọ́n dá oúnjẹ dúró. Inú báàgì ọwọ́ ni kí abẹ́rẹ́ náà wà, nítorí ó lè dì nínú ẹrù ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ṣíìsì, wàrà òyìnbó, máa dé pẹ̀lú èso àjàrà. Ọmọ Ìlọrin tó mọ wàrà á wo èyí tó ní ìlà aláwọ̀ búlúù, á rò pé ó ti bu. Kò bu, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó hù bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tíì rí èyí tó dùn tó wàrà díndín nínú wọn, àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò.

Tó bá jẹ́ oṣù Ramadan, tí ẹ sì ń gbààwẹ̀ lọ, oòrùn tí ẹ̀ ń wò lójú fèrèsé lẹ máa fi ṣínu, kì í ṣe agogo Ìlọrin. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bá yín tọ́jú oúnjẹ di ìgbà náà.

Kí bàálù tó balẹ̀

Wọ́n á tún gbé oúnjẹ wá nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé. Ẹ mu omi dáadáa. Wàrà tí ẹ dì láti ilé, ẹ jẹ ẹ́ tán lókè, nítorí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí èrò kó ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe wọlé láti Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, àpù tí wọ́n fún yín nínú bàálù gan-an lè di ìtanràn bí ẹ kò bá sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.