Bẹ́ ẹ ṣe máa dá owó lé iṣẹ́ ọwọ́ yín l'Ékòó

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ iná bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ owó fún kọ́sítọ́mà lórí fóònù nígbà tẹ́ ò tíì fojú rí iṣẹ́. Mo ti ṣe é rí, ilé àtijọ́ kan n'Ísàlẹ̀ Èkó, mo ní yàrá méjì péré ni, ìgbà tá a fọ́ ògiri gbogbo wáyà inú ẹ̀ ti jóná, owó àpò mi ni mo fi parí ẹ̀, ó dùn mí gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò nǹkan tẹ́ ẹ ń ná lóṣù: rẹ́ǹtì, oúnjẹ, owó ilé ìwé ọmọ, dátà, irinṣẹ́. Ká ní 300,000 náírà ni. Ẹ má fi ọjọ́ 30 pín in o! Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ ra wáyà l'Alábà ńkọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ wo iṣẹ́ tí wọn ò gbé e fún yín, Sọ́ńdè, ọjọ́ tí ò síṣẹ́ rárá, tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo ẹ̀ ó lè má ju ọjọ́ 15 lọ tówó ń wọlé. 20,000 lójúmọ́ nìyẹn, èrè ò tíì sí níbẹ̀. Ẹ wá fi owó ọkọ̀ lé e, bíi láti Mushin sí Ọbáléńdé, àlọ àtàbọ̀, tiyín àti tọmọṣẹ́.

Owó ọjà yàtọ̀ sówó iṣẹ́, ẹ gba tọjà ṣáájú kẹ́ ẹ sì mú rìsíìtì wá. Tí kọ́sítọ́mà bá ní kẹ́ ẹ dín in kù, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ dín kù: "Ẹ jẹ́ ká ṣe yàrá kan báyìí, ká ṣe èkejì lóṣù tó ń bọ̀."